Àwọn Ìpele Tó Bo Ojú Tíṣà

Obìnrin kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Múnidán, nítorí pé bó ti wù kí ojú èèyàn rí, bó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, dídán ni yóò máa dán. Kì í ṣe ojú gidi o, ojú inú fọ́tò ni. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé fọ́tò kan, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Yàrá tóóró ni, wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀ kí oòrùn má baà tàn sójú kọ̀ǹpútà. Àga kan wà níbẹ̀ tí tìmùtìmù rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, àti fáànù kan tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Múnidán kò ráhùn. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọge a ya fọ́tò tán, wọ́n a sáré wá bá a. "Àǹtí, ẹ bá mi yọ irorẹ́ yìí, ẹ fojú àánú wò mí." Àwọn ọkùnrin tó ti pá lórí a rọra yọ́ wọlé, wọ́n a kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Irun díẹ̀ níwájú ibí yìí, mà. Kó má pọ̀ o, kí ìyàwó mi má baà fura." Múnidán a rẹ́rìn-ín, a ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Kì í fọwọ́ kan fọ́tò tí kámẹ́rà yà gan-an. Yóò fi ìyẹn sílẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, yóò wá máa tẹ́ ìpele lé e lórí, bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn. Ìpele kan wà fún awọ ara, ìkan wà fún ojú, ìkan wà fún irun. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń pò mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ síra. Òmíràn a máa mú ibi tó ṣókùnkùn dúdú sí i, òmíràn a máa tànmọ́lẹ̀ sí ibi tó rẹ̀wẹ̀sì, òmíràn a sì kàn wọ inú ara lọ bí òróró, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan ni àwòrán ojú kékeré kan wà. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú náà á dé, ohun tí ìpele yẹn ṣe á sì pòórá. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́, ojú á là, gbogbo rẹ̀ á padà wá.

Àbúrò kan ṣoṣo ni Múnidán ní láyé. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò náà ṣì ń rákò, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì gbà di èèyàn. Òun ló ń fun imú fún un, òun ló ń mú un lọ sílé-ìwé, òun ló ń bá a jà nígbà tí kò fẹ́ wẹ̀. Nígbà tí àbúrò yìí dàgbà, iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà ló yàn, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Tíṣà. Ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún dẹ́dẹ́, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé ẹni tó wà nínú ilé á máa gbọ́ ẹ̀kọ́ tó ń lọ lójú títì. "Bíréèkì, màmá! Mo ní ẹ tẹ bíréèkì, mi ò ní kí ẹ máa gbàdúrà!" Bó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Àìsàn tó mú un kò pariwo nígbà tó ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ ní ó kàn ń rẹ òun ni. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kí àwọn dókítà tó dárúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣòkòtò ti ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ọwọ́ ni wọ́n ṣì ń gbé e nígbà náà. Ọmọ náà rìn, ó sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún gbogbo ará ilé débi pé bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pátápátá. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ńṣe ni Tíṣà ń joro. Irun orí rẹ̀ re tán, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ síta, ojú rẹ̀ wọnú, funfun ojú náà sì pọ́n bí ọ̀sàn. Àwọn tó bá wá kí i nílé a wo fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lára ògiri, wọ́n a wo ojú rẹ̀, wọ́n a tún wo ògiri. Nígbà tó sú u, ó ní kí ìyàwó òun kó gbogbo fọ́tò inú ilé sínú páálí kan kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

"Ẹ bá mi tọ́jú ọkùnrin yẹn," ló wí fún Múnidán. "Mi ò lè máa bá a du ilé gbé."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Múnidán wà nídìí iṣẹ́, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń bọ̀ á gun díẹ̀, á dúró, á tún gun díẹ̀. Nígbà tó yọjú wò, Tíṣà ló rí, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan tó ń ṣubú, Ọ̀gá Pátápátá sì ti ṣíwájú gbogbo wọn dé òkè.

"Àǹtí mi," Tíṣà wí, bó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, "oníbàárà dé o. Ṣé bí ẹ ṣe máa ń dúró wo oníbàárà nìyẹn?"

"Kí ló gbé ẹ wá? Ṣé kò sí fóònù ni? Wo bó o ṣe ń mí!"

"Fọ́tò ni mo wá yà."

"Fọ́tò kí ni?"

"Èyí tí ẹ máa gbé síwájú gbọ̀ngàn."

Múnidán fẹ́ béèrè gbọ̀ngàn wo. Ẹnu rẹ̀ ti là, ó kù kí ọ̀rọ̀ jáde, àfi bó ṣe yé e pé ti ìsìnkú ló ń sọ. Ó wo ojú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ìyẹn sì ń wo ilẹ̀.

"Má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí," ló wí.

"Tí mi ò bá sọ ọ́, ta ló máa sọ ọ́? Mo mọ̀ yín, Àǹtí. Tí mo bá fi ṣeré, fọ́tò ìwé ìwakọ̀ mi lẹ máa lọ gbé síbẹ̀, mo sì jọ olè nínú ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́.

Ọ̀gá tó ni ilé fọ́tò ti jáde lọ́jọ́ náà. Múnidán fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà. Ó mú àbúrò rẹ̀ jókòó síwájú aṣọ eérú kan, ó tan iná méjì sí i, ó sì tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tò, nítorí pé ọrùn ti kéré sí i. Ọ̀gá Pátápátá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rímú mí. "Bàbá mi, ẹ gbójú sókè! Bàbá mi, ẹ ṣe báyìí!" Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é tó máa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Múnidán ya fọ́tò bíi mélòó kan, ó ní ó tó.

Nígbà tó gbé èyí tó dára jù nínú wọn sójú kọ̀ǹpútà, Tíṣà fà mọ́ ọn láti wò ó. Fáànù nìkan ló ń kùn.

"Ojú tí ẹ máa ń wò lójoojúmọ́ nìyí?" ló béèrè.

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ojú yìí rántí mi. Mo bẹ̀ yín. Ẹ dá ojú mi padà fún mi. Ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí," Múnidán wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rò ó. Ìyàwó Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé ọmọ pọ̀n, kò sì sọ nǹkan kan. Múnidán rò pé ó fara mọ́ ọn ni.

Láti ọjọ́ náà, bí ara bá ti gbà fún Tíṣà, yóò wá. Yóò jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò máa pàṣẹ. "Ẹ fi ẹran kún un níbí. Kì í ṣe èyí tó kéré yẹn, ṣé ẹ ń há ni? Ẹ bù ú!" Múnidán á ní, "O fẹ́ kí n sọ ẹ́ di erinmi?" Tíṣà á ní, "Mo ti jẹ́ erinmi rí, Àǹtí, mi ò rí i pé ó burú." Àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń dúró de fọ́tò ní yàrá iwájú á máa béèrè ohun tó ń lọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Inú páálí ni Múnidán ti mú fọ́tò àtijọ́ kan tí ojú Tíṣà kọ sí ọ̀gangan ibi tí ti ìsinsìnyí kọ sí. Ó gbé e lé tuntun lórí, ó mú kí ó fara hàn ní ìdajì kí ti ìsàlẹ̀ lè máa hàn, kí òun lè fi ojú ba ojú, kí òun fi ẹnu ba ẹnu. Ìgbà tó rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Ọkùnrin méjì ló ń wò ó láti inú ihò ojú kan náà. Ọ̀kan sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìkejì wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó wọ ẹ̀wù tó tóbi jù ú lọ. Gbogbo oṣù tí àìsàn yìí ti ń bá wọn fínra, díẹ̀díẹ̀ ni ojú Múnidán ń gbà á, tí ó sì ń mọ́ ọn lára. Kò tíì rí gbogbo ohun tó ti lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Ó dìde, ó ní òun fẹ́ mu omi. Ó lọ dúró sórí àtẹ̀gùn, ó di irin mú, ó fi eyín di ètè mú. Nígbà tó padà wọlé, Tíṣà wo ojú rẹ̀.

"Eruku wọ̀ mí lójú," ó wí.

"Eruku yẹn náà ló ń yọ èmi lẹ́nu," Tíṣà dáhùn, ó sì tún kọjú sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú."

Wọ́n tẹ̀ síwájú. Múnidán fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àtijọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tuntun, ó fi ojú tó mọ́ lé ojú tó pọ́n, ó fi irun sórí, ó fi ìpele ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ kan bo gbogbo rẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ tó parí, Tíṣà mú ìyàwó rẹ̀ wá wò ó.

"Ẹ wo ọkùnrin!" ló ké. "Ẹni báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ló fẹ́ ìyàwó? Wọ́n mà rẹ́ ẹ jẹ o!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbá a lápá pẹ́pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń lọ wo ọmọ nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó di aṣọ rẹ̀ mú.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí Tíṣà fi lọ. Ilé ìwòsàn ló wà, ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi òróró ra á nítorí pé ẹsẹ̀ náà ń tutù. Múnidán ń múra àtilọ síbi iṣẹ́ nígbà tí fóònù dún. Ó gbọ́ ọ, ó ní, "Ó dáa," ó sì wọ bàtà rẹ̀ tán kí ó tó jókòó.

Kò sunkún. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Fọ́tò ló wà nílẹ̀. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá. Ó ní àwọ̀ pupa pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, ó ní ó ti dúdú jù. Ó bá ẹni tó ń ṣe férémù jà lórí igun kan tí kò gún. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ bá a kẹ́dùn, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí èyí ná."

Ọjọ́ ìsìnkú pé. Wọ́n gbé fọ́tò náà ka iwájú gbọ̀ngàn, òdòdó funfun lọ́tùn-ún lósì. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fẹ́. Àwọn tó kọ́ ní mọ́tò wọlé, wọ́n rí i, wọ́n káwọ́ lérí. "Tíṣà wa nìyí! Bó ṣe rí gan-an nìyí!" Wọ́n ń wá Múnidán láti dì mọ́ ọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ ṣe é, ẹ ò jẹ́ kí á rí i ní ìrí mìíràn." Múnidán ń mi orí, ó ń dúpẹ́. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé òun ti mú ìlérí òun ṣẹ.

Ọ̀gá Pátápátá jókòó lórí ẹsẹ̀ Múnidán ní ìlà iwájú, ó wọ bàtà tuntun tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ti ń wo fọ́tò yìí fún ìgbà díẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí Àgbà," ó wí, "ta nìyẹn?"

Múnidán rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. "Bàbá rẹ ni."

"Rárá o." Ọmọ náà mi orí, bó ṣe máa ń ṣe bí àwọn àgbà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. "Kì í ṣe bàbá mi. Bàbá mi ò ní irun. Bàbá mi dà?"

"Òun náà nìyẹn, olólùfẹ́ mi. Wò ó dáadáa."

Ọmọ náà wò ó dáadáa. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó wá sọ̀kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ Múnidán, ó rìn lọ sí ìdí fọ́tò náà, ó sì yí i ká lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àárín àwọn òdòdó wò. "Bàbá mi!" ló ń pè, ohùn rẹ̀ kò ga, bó ṣe máa ń pè é nílé bí wọ́n bá ń ṣeré ìfarapamọ́. "Bàbá mi, ẹ jáde, mo ti rí yín!"

Ìyàwó Tíṣà ló dìde lọ gbé e. Bó ti ń gbé e kọjá lọ síta, tí ọmọ náà ń tàpá, ojú ìyá náà àti ojú Múnidán ṣe mẹ́rin. Kò sí ìbínú nínú ojú náà. Ì bá sàn fún Múnidán bó bá wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti tú ká, tí kálukú ti padà sẹ́nu ohun tó ń ṣe, ìyàwó Tíṣà gun àtẹ̀gùn ilé fọ́tò wá. Òun nìkan ni. Múnidán gbé àpótí fún un, ó jókòó, ó ká ọwọ́ sórí itan.

"Àǹtí, mo wá tọrọ nǹkan kan ni, ẹ má bínú sí mi."

"Sọ ọ́, ìyàwó mi. Kí ni mi ò ní lè ṣe fún ẹ?"

"Fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ tó tún un ṣe. Ṣé ó ṣì wà?"

Múnidán mọ̀ pé ohun tó máa béèrè nìyẹn. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń retí rẹ̀, tó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. "Ó wà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà wà níbẹ̀. O gbọ́ ohun tó bẹ̀ mí. Mo ṣèlérí fún un."

"Ẹ sì ti mú un ṣẹ. Gbogbo ayé ti rí ojú tí bàbá ọmọ mi fẹ́ kí wọ́n rí. Ayé ni wọ́n ń sá fún, Àǹtí. Wọn ò sá fún èmi." Ó sún àpótí mọ́ ọn. "Ojú tí ẹ gbé sí gbọ̀ngàn yẹn, mo mọ̀ ọ́n, òun ló fẹ́ mi, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù láràárọ̀. Òun ni mò ń fi ṣíbí bọ́. Òun ló máa ń fojú wá mi tí n bá wọlé. Ojú náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá mọ́ mi lójú. Mo bá dìjú báyìí, ti gbọ̀ngàn yẹn ni mò ń rí. Ọmọ sì ń béèrè bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi hàn án."

Múnidán yí àga rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ó ṣí iṣẹ́ náà. Tíṣà yọ sí wọn, ó kún, ó ń dán. Lápá ọ̀tún ni gbogbo ìpele náà tò sí, àwòrán ojú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ó tẹ àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ tó bo ojú náà lọ, awọ ara sì di eérú. Ó tẹ ìkejì, irun orí lọ. Ó tẹ òmíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wọlé, egungun rẹ̀ yọ síta. Ńṣe ló dà bíi pé àìsàn náà tún ti bẹ̀rẹ̀ lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìka òun ló ń fà á. Ó tẹ ọ̀kan sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì wọlé. Kò lè tẹ èyí tó kàn. Ojú ló kàn.

"Mi ò lè ṣe é," ó wí. "Ìyàwó mi, mi ò lè ṣe é. Èmi ni mo tọ́ ọ."

Ìyàwó Tíṣà dìde, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé orí ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, Àǹtí. Èmi mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára, bí ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára aláìsàn. Ojú pọ́n, ó sì wọnú. Ètè gbẹ. Ọrùn tín-ín-rín jáde nínú kọ́là. Ó ku ìpele kan nísàlẹ̀ gbogbo wọn, èyí tí Múnidán kọ́kọ́ ṣe kí ó tó fọwọ́ kan ojú rárá, tó sì ti gbàgbé pé òun ṣe é. Ìyàwó Tíṣà tẹ ìyẹn náà.

Ọwọ́ kékeré kan yọ jáde lápá ìsàlẹ̀ fọ́tò, ó di apá ẹ̀wù Tíṣà mú, ó dì í mú ṣinṣin débi pé ẹ̀wù náà ká jọ. Ọ̀gá Pátápátá ni. Ara rẹ̀ kò sí nínú fọ́tò, ọwọ́ nìkan ni. Múnidán rántí wàyí: ó ti rí i lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní ó ń ba fọ́tò jẹ́, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà, ó fi àwọ̀ ẹ̀wù kùn ún pa.

Ìyàwó Tíṣà fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà níbi tí ọwọ́ náà wà. "Ẹ wò ó," ló wí, "ẹ wo bó ṣe dì í mú."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti dé bá Múnidán. Ó kígbe, ó gbé orí lé tábìlì, gbogbo ohun tí kò sun látọjọ́ tí fóònù ti dún ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ọ̀gá rẹ̀ sáré wọlé láti yàrá iwájú, ó wò wọ́n, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé padà. Ìyàwó Tíṣà fi àpótí sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún rẹ̀. Àwọn méjèèjì sunkún títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, Múnidán béèrè bóyá òun lè fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí pé apá òsì ṣókùnkùn. Ìyàwó Tíṣà rò ó. "Díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ojú wọn." Múnidán kò fọwọ́ kan án. Ó tẹ́ ìpele kan ṣoṣo, ó fi tan ìmọ́lẹ̀ sí aṣọ tó wà lẹ́yìn àti sí ọwọ́ kékeré yẹn, ó sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n tó ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìyàwó Tíṣà sọ fún un lẹ́yìn náà pé bí òun ṣe gbé e wọlé, ọmọ náà kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn gbà á, ó ní, "Bàbá mi," ó sì gbé e lọ sórí ìrọ̀rí rẹ̀.

Fọ́tò ti gbọ̀ngàn wà ní pálọ̀ Múnidán. Òun ló gbé e lọ sílé, òun ló sì gbé e kọ́. Lójú tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ nìyẹn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn lórí ẹ̀. Síbẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé tó bá ń gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, yóò gbójú sókè, yóò sì rí ibi tí òun ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi tí kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè rí i. Á tún tẹrí ba, á máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìyàwó Tíṣà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì bẹ Múnidán pé kí ó máa bá òun mú ọmọ ní ọjọ́ Sátidé. Sátidé àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Pátápátá wọ pálọ̀ náà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí fọ́tò. Ó dúró. Ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kí ó máa kí àgbàlagbà tí kò mọ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí.

Múnidán ń bọ̀ láti ilé ìdáná, ó mú ife omi lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Àgbà, ta ni wọ́n?"

Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó rántí bí ọmọ náà ṣe ń yẹ àárín òdòdó wò, ó sì gbé e mì.

"Àbúrò mi ni," ó wí.

"Ṣé ibí ni wọ́n ń gbé?"

"Wọ́n gbé ọ̀dọ̀ mi rí. Nígbà tí wọ́n kéré bíi tìẹ."

"Ṣé wọ́n ṣì máa padà wá?"

"Rárá, ọmọ mi. Wọn ò ní padà wá mọ́."

Ọmọ náà ro ọ̀rọ̀ yìí. Ó dìde, ó wá sọ́dọ̀ Múnidán, ó fi ara tì í lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fọwọ́ gbá a nítan pẹ́pẹ́, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe fún ara wọn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

"Bàbá tèmi náà ò ní padà wá mọ́," ó wí fún un.

Múnidán gbé ife omi sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì fà á mọ́ra.